Ibo Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Horticulture Ti Lọ Kọ́ Ìwádìí? Oko Ilé-Ẹ̀kọ́, NIHORT, IITA, Greenhouse àbí Nọ́sìrì Ojú Títì

Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kẹta bá ti ń parí ìdánwò, fóònù mi kì í sinmi mọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti lọ ṣe IT?" "Ẹ̀gbọ́n, mo rí greenhouse kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ṣé kí n kọ lẹ́tà sí wọn?" "Ẹ̀gbọ́n, bàbá mi ní àfi IITA." Orúkọ ibi ni gbogbo wọn ń bi mí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan pè mí kó ní, "Kí ni ọwọ́ mi máa ṣe níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ múlẹ̀ fún àwọn òbí tó ń kà á. Horticulture ni ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ẹ̀fọ́, èso, òdòdó àti àwọn igi tí a fi ń ṣe àyíká lọ́ṣọ̀ọ́. Greenhouse ni ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí wọ́n ń gbin nǹkan sínú rẹ̀; nọ́sìrì sì ni ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ ohun ọ̀gbìn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì wa, ọdún kẹrin sì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kúrò ní kíláàsì, tó ń bọ́ sóko. Ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, FPY (Farm Practical Year, ọdún iṣẹ́ oko) ni wọ́n ń pe ọdún náà. Níbòmíràn, SIWES ni, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní IT, tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìkọ́ṣẹ́, gbé kalẹ̀ ní 1973. Ọdún karùn-ún ni project, iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gboyè. Ẹ̀ẹ̀mejì péré nìyẹn tí ìwádìí máa bá yín pàdé kí ẹ tó wọ ẹ̀wù oyè, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan ṣòfò, ọ̀kan ló kù.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni mo ní, wọn ò sì wúwo bákan náà.

Àkọ́kọ́ ló wúwo jù: ìbéèrè ta ni ẹ fẹ́ lọ dáhùn? Tí ẹ bá débì kan tí wọ́n ní kí ẹ máa bomi rin, kí ẹ máa tu koríko, iṣẹ́ ni ẹ ń ṣe. Iṣẹ́ ò burú, òun ló ń mú ọwọ́ yi. Àmọ́ ìwádìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tí ẹ bá lè sọ pé, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìgbẹ́ adìyẹ kílò mẹ́rin á mú tẹ̀tẹ̀ ga ju kílò méjì lọ," tí ìwé tí ẹ ń kọ ìdáhùn sí sì wà lápò yín, tí kò sí lápò ọ̀gá.

Èkejì: ta ni á máa yẹ ìwé yẹn wò? Ẹni tí kò sẹ́ni tó ṣí ìwé rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, àṣìṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa gbé dé ọjọ́ tó ń palẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta: ṣé ohun ọ̀gbìn náà á bá oṣù tí ẹ ní mu? Tẹ̀tẹ̀ á tó kó láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ilá á ti máa so ní nǹkan bí ọjọ́ 45 sí 60. Tòmátì ń fẹ́ oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i láti nọ́sìrì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà á gbà tó oṣù mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kó tó ṣeé bẹ́. Mo mọ ọmọkùnrin kan tó fi oṣù mẹ́fà rẹ̀ gbin àgbagbà torí pé ó fẹ́ràn dòdò. Ẹlòmíràn ló bẹ́ ẹ.

Ẹ̀kẹrin ni owó àti omi. Mo so wọ́n pọ̀ torí pé ohun kan náà ni wọ́n, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Oko ilé-ẹ̀kọ́ yín

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ka oko ilé-ẹ̀kọ́ sí, torí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Kò síbòmíràn tí wọ́n ti máa fún yín ní ilẹ̀ tí wọ́n á ní, "Ó ti di tìrẹ, ṣe é bó o ṣe fẹ́."

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ẹ fẹ́ dán ìgbẹ́ adìyẹ wò lára tẹ̀tẹ̀. Ẹ ní bẹ́ẹ̀dì tí kò gba nǹkan kan, èyí tó gba tọ́ọ̀nù 5 fún hẹ́kítà, èyí tó gba 10, àti èyí tó gba 15. Mẹ́rin nìyẹn. Ẹ tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó di bẹ́ẹ̀dì 12. Tí bẹ́ẹ̀dì kan bá jẹ́ mítà 2 níbùú, mítà 2 lóòró, tí ẹ fi mítà 1 ṣe ọ̀nà láàárín wọn, ilẹ̀ mítà 11 sí mítà 8 ti tó. Tọ́ọ̀nù 10 fún hẹ́kítà, kílò 1 ló jẹ́ fún mítà kan níbùú lóòró, bẹ́ẹ̀dì náà á gba kílò 4 nìyẹn. Àwọn yòókù á gba 2 àti 6. Gbogbo ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ nílò kò ju kílò 36 lọ. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kò tó ìkúnwọ́.

Omi ni wàhálà. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, lítà 20 lójúmọ́ ni mo máa ń ṣírò fún irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì 12, lítà 240. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́wàá nìyẹn, lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Àìkú. Tí omi bá jìnnà sí oko, ẹ ó san owó fún ẹni tó máa pọn ọ́n, tàbí kí ẹ fi ẹ̀yìn ara yín san án. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ rìn láti ẹnu omi dé ibẹ̀, kí ẹ ka ẹsẹ̀.

Mo ti jìyà tèmi níbi tí kò yẹ kí n ti jẹ ẹ́. Ilá ni mo gbìn fún project, bẹ́ẹ̀dì méjìlá. Mo gé páálí, mo fi báírò kọ àmì bẹ́ẹ̀dì, T1R1, T2R1, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, mo kàn wọ́n mọ́ igi, mo rì wọ́n sí orí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Ó wù mí débi pé mo ya fọ́tò. Lóru ọjọ́ kejì, òjò dé. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, páálí ti di ẹ̀kọ, báírò ti di omi aláró. Mo ti po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀dì méjèèjìlá wá jọra bí ìbejì. Olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà dé, ó wò ó, kò pariwo. Ó ní, "Wàyí, ta lo fẹ́ bi? Ilẹ̀?" Mo tún bẹ́ẹ̀dì kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló bá a lọ, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ sì tì, ilá mi ṣì ń so. Àtìgbà náà, mo máa ń gé ike kẹ́ẹ̀gì funfun, pẹ́ńsù ni mo fi ń kọ ọ́, mo sì máa ń ya àwòrán bẹ́ẹ̀dì sínú ìwé kí n tó da ohunkóhun sílẹ̀. Òjò kì í pa pẹ́ńsù rẹ́.

Àléébù oko ilé-ẹ̀kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ owó. Màlúù lè wọ̀ ọ́ lóru. Ewúrẹ́ àwọn ará abúlé mọ ọjọ́ tí ẹ gbin ilá ju ẹ̀yin fúnra yín lọ. Tí yunifásítì bá sì ti ilẹ̀kùn, ohun ọ̀gbìn kì í dúró. Àmọ́ nínú òṣùwọ̀n mẹ́rin, méjì àkọ́kọ́ wà níbẹ̀: ìbéèrè jẹ́ tiyín, olùkọ́ yín sì wà nítòsí.

NIHORT, Ìbàdàn

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́, èso àti òdòdó ni, ó wà ní Ìdí-Ìṣin, Jericho, láti 1975. Ó ní ẹ̀ka ní Bagauda ní Kánò, ní Mbato ní Ímò, àti ní Dadin Kowa ní Gombe. Gbogbo ọmọ Yorùbá tí mo mọ̀, Ìbàdàn ni wọ́n ń fẹ́. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ tòmátì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn kò ní pàdánù tó bá lọ wo Kánò.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ yín gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ẹ lè bá ẹni tó ń wádìí ewédú nìkan lórí ìjókòó, ẹni tí ìjíròrò rẹ̀ láàárọ̀ jẹ́ nípa kòkòrò ẹ̀yìn ewé. Ọwọ́ yín á sì kọ́ ohun tí ìwé ò lè kọ́ yín, pàápàá ìlọ́gi (grafting), ìyẹn síso ẹ̀ka igi kan mọ́ ara òmíràn.

Ẹ wo máńgòrò. Ẹ ó wá ọmọ igi tí ara rẹ̀ tó pẹ́ńsù nínípọn, ẹ ó gé orí rẹ̀, ẹ ó là á láàárín. Ẹ ó gé ẹ̀ka láti ara igi tí ẹ fẹ́ èso rẹ̀, ẹ ó fá ìdí rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì títí tó fi rí bí èèkàn, ẹ ó kì í bọ inú ibi tí ẹ là, kí èèpo bá èèpo. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń dì í, wọ́n á tún da ọ̀rá bò ó lórí kí ooru má gbẹ ẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ó rí i bóyá ó rúwé tàbí ó dúdú. Ẹni tó bá lọ́ ọgọ́rùn-ún, tó kọ iye tó yè sílẹ̀, tó tún lọ́ ọgọ́rùn-ún mìíràn pẹ̀lú ẹ̀ka tí wọ́n ti já ewé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, project ti wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ó bá oṣù mẹ́fà mu, kò sì ná an lówó púpọ̀.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: irú ilé-iṣẹ́ báyìí máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, wọ́n sì lè máa gbé yín kiri láti ẹ̀ka kan sí èkejì. Ẹ ó rí gbogbo nǹkan, ẹ ò ní parí ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ wá olùwádìí kan, ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní iṣẹ́ kékeré kan tí màá tẹ̀ lé látìbẹ̀rẹ̀ dópin." Wọn kì í sábà kọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ ni ọkọ́ máa bá lọ́wọ́.

IITA

Orúkọ tí bàbá máa fi ń yangàn lóde ìnáwó nìyí. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé ni, ó wà ní Ìbàdàn láti 1967, ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 1,000. Iná àti omi kì í ṣe ìṣòro rẹ̀. Ilé ìpamọ́ irúgbìn wọn ní irú ẹ̀wà (cowpea) tó lé ní 15,000, kò síbi tí àkójọ irú ẹ̀wà yìí ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo kà: ẹ̀wà. Gbágùúdá, iṣu, àgbàdo, ẹ̀wà, sóyà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ni iṣẹ́ IITA dá lé. Nínú gbogbo wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sún mọ́ horticulture jù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí òdòdó tàbí ọsàn á kàn lọ jẹ́ àlejò ni. Fún ẹni tó fẹ́ mọ iṣẹ́ láàbù, kò sóhun tó dà bíi rẹ̀: wọ́n á mú orí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á gé e kékeré, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tó ní oúnjẹ, á sì máa di ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò ní àrùn. Ẹ ó kọ́ sùúrù níbẹ̀. Ẹ kàn gbàgbé láti nu ọwọ́ yín pẹ̀lú ọtí kẹ́míkà lẹ́ẹ̀kan, ogún ìgò á hu bu funfun láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ìbéèrè kì í sábà jẹ́ tiyín níbẹ̀. Inú project ńlá ni ẹ ó wọ̀, tí ẹlòmíràn ti kọ ìwé rẹ̀ kí ẹ tó wọ yunifásítì. Ìpín yín lè jẹ́ wíwọn ewé fún oṣù mẹ́fà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń kó dátà jọ láìsí àbùkù, èyí tí ẹ ó lò láyé yín. Ààyè rẹ̀ kì í pọ̀, ẹ tètè kọ lẹ́tà, kí ẹ sì ní ibòmíràn lọ́wọ́. Owó ọkọ̀ lójoojúmọ́ láti àárín ìgboro náà kì í ṣe kékeré, ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ilé.

Àwọn kan á bi mí nípa CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, ní Ìdí-Ayunrẹ́. Ibi tó dára ni, láti 1964. Ti kòkó, obì, kọfí, kajú àti tíì ni. Igi ni wọ́n, wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó so, nítorí náà nọ́sìrì nìkan ni oṣù mẹ́fà yín á bá mu.

Greenhouse aládàáni

Ibí ni owó wà, ibẹ̀ náà sì ni ojú ti máa ń là jù. Tòmátì, tàtàsé àti kùkúńbà ni wọ́n sábà ń gbìn, omi ń kán sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń po ajílẹ̀ mọ́ omi, bí wọ́n ṣe ń so tòmátì mọ́ okùn kó lè gun òkè, bí wọ́n ṣe ń já ọmọ ẹ̀ka, àti iye tí apẹ̀rẹ̀ kan tà lánàá. Àwọn kan máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní owó oúnjẹ.

Ìṣòro ńlá wà ńbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń sọ. Ìwádìí tó ń dán ajílẹ̀ wò sábà máa ń ní bẹ́ẹ̀dì tí a ò fún ní nǹkan kan, ká lè fi àwọn yòókù wé e. Lójú olùkọ́, bẹ́ẹ̀dì yẹn ni òpó ìwádìí. Lójú ẹni tó yá owó kọ́ greenhouse, ilẹ̀ tó ń jẹ gbèsè lásán ni. Kò ní gbà fún yín láti fi ebi pa tòmátì rẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ bèèrè ìbéèrè tí kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Ẹ ka kòkòrò. Ní 2016, kòkòrò Tuta absoluta jẹ tòmátì ní apá Kàdúná débi tí àwọn èèyàn fi ń pè é ní Ebola tòmátì. Láti ìgbà náà, kò sí onítòmátì tí kì í fetí sílẹ̀ tí ẹ bá dárúkọ rẹ̀. Ẹ gbé páálí aláwọ̀ ìyeyè tó ní gọ́ọ̀mù kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, àárín àti ìparí greenhouse, ẹ máa ka ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tàbí ẹ ka tòmátì tó ń rọ lójijì nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Àrùn bakitéríà inú ilẹ̀ nìyẹn máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ onígreenhouse kúrò nínú iṣẹ́. Ẹ ya àwòrán ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń tàn dé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ máa bèèrè ìwé yín.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa yẹ ìwé náà wò bí olùkọ́. Ẹ máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùkọ́ yín lórí WhatsApp.

Nọ́sìrì ojú títì

Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, pẹ̀lú ixora, croton, hibiscus àti bougainvillea nínú ọ̀rá dúdú, mọ bí a ṣe ń mú igi ta gbòǹgbò ju àwa tí a ní ìwé-ẹ̀rí lọ. Ohun tí wọn ò ní ni àkọsílẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé mélòó ló máa ń yè nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀ka ixora tí wọ́n gún mọ́lẹ̀, wọ́n á ní, "Ó máa ń yè dáadáa." Ibẹ̀ ni ẹ ti máa wọlé. Ẹ gún ọgbọ̀n ẹ̀ka tí ẹ kò fi nǹkan kan ra, ọgbọ̀n tí ẹ rẹ sínú omi àgbọn, ọgbọ̀n tí ẹ fi ìyẹ̀fun tó ń mú gbòǹgbò yọ, tí wọ́n ń tà ní ọjà, ra. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ fa wọ́n tu, ẹ ka gbòǹgbò, ẹ wọn gígùn wọn. Owó yín kò ní ju owó ọ̀rá, iyanrìn àti àgbọn lọ.

Ẹ má fi ṣe IT o, àfi tí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá gbà. Ẹni tó máa bu ọwọ́ lu ìwé àti òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń wá, ìyá tó ń ta òdòdó sì lè má ní òǹtẹ̀. Fún project tàbí ìsinmi, ó dára gan-an.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Amẹ́ríkà

Àwọn òbí tó wà lọ́hùn-ún, ètò ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wà tí wọ́n ń pè ní REU, tí NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ń gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, àti REEU tó jẹ́ ti NIFA, ẹ̀ka USDA (ilé-iṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀), tó dá lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Àsìkò ooru ni REU sábà máa ń wáyé, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n sì ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ ti NSF jẹ́ ti ọmọ onílùú tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú (green card). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn, tí ẹnìkan bá ní òun á fi yín wọlé sí REU tí ẹ bá sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ pa fóònù.

Ta ni kó lọ síbo

Ẹni tó fẹ́ lọ ka másítà, tó sì ní olùkọ́ tó ń dáhùn ìpè: oko ilé-ẹ̀kọ́ fún project, NIHORT fún ọdún kẹrin. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, tó lè dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́fà láìbínú, tó sì fẹ́ láàbù: IITA, tó bá rí i. Tí kò bá rí i, kó má fi ọdún ṣòfò níbi ìdúró.

Ẹni tó ti pinnu pé owó ni òun ń wá, pé òun máa dá oko tòmátì tí òun bá jáde: greenhouse. Kó mú ìwé ìkakòkòrò lọ.

Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀, tí ilé sì jìnnà sí gbogbo ibi tí mo dárúkọ: nọ́sìrì tó wà ní ìtòsí ilé wọn, fún project.

Ẹni tí kò tíì mọ èyí tó fẹ́, kó má pè mí. Kó lọ sọ́jà lọ́la, kó ra irúgbìn ewédú. Èèpo rẹ̀ le, tí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ fi ń rì í bọ omi gbígbóná. Kó pín irúgbìn náà sí àádọ́ta-àádọ́ta. Kó fi àkọ́kọ́ sílẹ̀, kó ri èkejì bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ̀kẹta fún mẹ́wàá, ẹ̀kẹrin fún ogún. Kó da wọ́n sórí aṣọ tútù nínú àwo mẹ́rin, kó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí ìdí àwo, kó sì máa ka iye tó hù láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá di ọjọ́ kẹta tí kò tíì sú u, kó tún pè mí.